Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Fíìmù Amí Weng Weng àti Àwọn Tí Ó Fẹ́ràn Rẹ̀ ní Èkìtì

Ní Adó-Èkìtì, àwa kan wà tí a máa ń péjọ wo fíìmù tí àwọn ẹlòmíràn kò kà sí. Nínú gbogbo èyí tí a ti wò, kò sí èyí tí ìbéèrè pọ̀ lórí rẹ̀ bíi For Y'ur Height Only, fíìmù amí tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe ní orílẹ̀-èdè Philippines ní ọdún 1981. Àwọn kan ti wò ó tán, wọ́n fẹ́ mọ̀ sí i. Àwọn kan kò tíì wò ó, àmọ́ wọ́n ti gbọ́ bí a ṣe ń yìn ín, wọ́n sì ń fura pé orí wa kò pé. Àwọn méjèèjì ni a kọ èyí fún.

Fíìmù wo gan-an ni, kí sì ni ìtàn rẹ̀ dá lé?

Fíìmù amí tí ó kún fún àwàdà ni, ó sì ń fara wé àwọn fíìmù James Bond ní gbangba, láìfi ohunkóhun bò. Olórí òṣèré inú rẹ̀ ni Weng Weng, ọkùnrin kan tí gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 83 lọ, èyí tí kò pé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Ernesto de la Cruz, ọdún 1957 ni wọ́n sì bí i. Nínú fíìmù náà, Agent 00 ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀daràn kan jí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan gbé nítorí pé ó mọ àṣírí bọ́ǹbù tuntun, ọ̀gá wọn tí gbogbo wọn ń bẹ̀rù sì ń jẹ́ Mr. Giant. Ọ̀gá àwọn amí ránṣẹ́ pe Weng Weng, ó kó àwọn irinṣẹ́ àràmàǹdà lé e lọ́wọ́, ó sì ní kí ó lọ yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìjà, ìlépa, àwọn obìnrin tí ọkàn wọn ń fà sí i, àti ìjà mìíràn ni ó kún èyí tí ó kù. Bí ó ṣe parí kò ní ti ẹnu wa jáde.

Ta ni ó ṣe é, báwo ni ó sì ṣe jáde kúrò ní ìlú rẹ̀?

Eddie Nicart ni olùdarí rẹ̀. Kí ó tó di olùdarí, iṣẹ́ àwọn tí ń fò láti orí ilé, tí ń ṣubú láti orí ọkọ̀, tí ń jẹ ìyà dípò àwọn òṣèré ńlá ni iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé èyí ṣe pàtàkì nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìjà inú fíìmù náà. Peter Caballes àti Cora Caballes, tọkọtaya, ni wọ́n náwó sí i.

Ní oṣù kìíní ọdún 1982, Imelda Marcos, aya ààrẹ orílẹ̀-èdè náà, ṣe àjọ̀dún fíìmù àgbáyé sí ìlú Manila. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé ìlú òun ti gòkè àgbà, ó sì kánjú kọ́ gbọ̀ngàn ńlá kan fún un débi pé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1981, àgà tí àwọn òṣìṣẹ́ gùn wó lulẹ̀, ó sì pa nínú wọn. Níbi àjọ̀dún olówó gọbọi yìí ni àwọn oníṣòwò fíìmù láti òkè òkun ti wá ọjà, ohun tí wọ́n sì nawọ́ sí ni fíìmù ọkùnrin kúkurú tí kò sẹ́ni tí ó pè é ní iyì orílẹ̀-èdè. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí ó sì di ohun tí àwọn ènìyàn ń dà kọ fún ara wọn káàkiri ayé. Èmi tí mo ń kọ èyí gbà pé ìyà tọ́ sí àjọ̀dún náà.

Kí ló dé tí ẹ fi ń yin fíìmù tí àbùkù rẹ̀ hàn sójú táyé báyìí?

Nítorí pé a rí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wò ó yóò rẹ́rìn-ín nítorí ìrísí Weng Weng, a kò lè sẹ́ ìyẹn; ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kì í tọ́jọ́, nítorí pé ohun tí ojú bá ti mọ̀ kì í pani lẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́yìn bíi ìdajì wákàtí, ohun tí ó kù fún òǹwòran láti máa wò ni bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ó ti kọ́ ìjà karaté, ó sì hàn lára rẹ̀ pé ó kọ́ ọ. Kò sì sí ẹni tí ara rẹ̀ mọ níwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tí ewu bá dé, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fò, òun ni ó ń ṣubú, òun ni wọ́n ń gbé jù.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìran kan péré. Àwọn ọ̀daràn dúró, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, ojú wọn sì wà ní òkè, níbi tí ènìyàn ti máa ń wo ènìyàn ẹgbẹ́ rẹ̀. Weng Weng kò gba òkè wá. Ó fi ara lélẹ̀, ó yọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ dídán, ó sì ń yìnbọn bí ó ti ń lọ, kí wọ́n sì tó mọ ibi tí wọn yóò dojú ìbọn kọ, wọ́n ti ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìran yẹn yóò rí i pé òṣèré gíga kò lè ṣe é kí ó nítumọ̀. Nicart, tí òun fúnra rẹ̀ ti fi ara jẹ ìyà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, jókòó, ó ro ohun tí ara kan ṣoṣo tí ó wà níwájú rẹ̀ lè ṣe, ó sì ti ibẹ̀ gbé ìjà náà kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ibi tí Weng Weng máa ń gbá àwọn ọkùnrin: ọwọ́ rẹ̀ kò dé àgbọ̀n wọn, ṣùgbọ́n ó dé ibi tí ó ń dun ọkùnrin jù lọ, kò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ títí fíìmù fi parí. Ní gbogbo ìgbà tí a bá fi hàn ní gbangba, ibẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ti máa ń kó ẹsẹ̀ jọ, tí àwọn obìnrin sì máa ń pariwo ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn.

Bàbá kan tí ó ń ránṣọ ní Ìkẹ́rẹ́ ni ó fi ohun kan hàn wá tí àwa tí a ti wò ó láìmọye ìgbà kò kíyè sí. Ó ní kí a wo kóòtù funfun tí Weng Weng wọ̀. Wọn kò gé aṣọ àgbàlagbà kúrú fún un, wọn kò sì lọ ra aṣọ ọmọdé wọ̀ fún un. Ẹni tí ó rán an wọn èjìká rẹ̀, ó wọn apá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí kọ́là jókòó dáadáa lọ́rùn, débi pé nígbà tí ó bá gbé ọwọ́ sókè, kóòtù náà kò fà. Bàbá náà ní nínú fíìmù tí kò sí owó, ẹni tí ó rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré. Láti ọjọ́ náà, aṣọ yẹn ni èmi máa ń wò.

Ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?

Àwọn kan wà tí ń ṣe bẹ́ẹ̀, a kò ní purọ́ fún yín. Wọ́n á ní fíìmù náà burú débi pé ó dùn, wọ́n á sì rò pé àwọn ti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ ohun tí ó rí; a lè sọ ọ́ nípa fíìmù èyíkéyìí láìtíì wò ó. Ìyìn tí a kà sí ìyìn ni èyí tí ó mú ibi kan lọ́wọ́: aṣọ, ìṣubú kan, ìgbà tí òṣèré kan gbàgbé pé kámẹ́rà ṣì ń wo òun.

Ṣé kò lòdì láti máa fi aràrá rẹ́rìn-ín?

Àwọn àgbà ni wọ́n máa ń béèrè èyí jù, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni òrìṣà ni aràrá, gẹ́gẹ́ bí àfín àti abuké ti jẹ́ ẹni òrìṣà. Ọbàtálá tí ó ń mọ ènìyàn ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ìtàn sọ pé ọjọ́ tí ó mu ẹmu yó ni, ìdí sì nìyẹn tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í fẹnu kan ẹmu. Ẹni tí ó bá fi wọ́n ṣẹ̀sín, kì í ṣe àwọn ni ó ń bá fa wàhálà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ lásán, nítorí pé àwọn ènìyàn tí kò mọ ojúbọ òrìṣà kankan ṣì ń kìlọ̀ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n má ṣe nàka sí aràrá lójú pópó.

Ìyá àgbà kan wá síbi tí a ti ń wò ó lọ́jọ́ kan nítorí pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú un wá. Bí Weng Weng ṣe jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ sì bú sẹ́rìn-ín, ìyá náà dìde, ó di ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó ní òun ń lọ sílé. Kí ó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ bóyá bí wọn yóò ṣe máa lu ọkùnrin yìí nìyẹn títí yóò fi parí. Ọmọ náà ní rárá, Màmá, òun gan-an ni yóò máa lù wọ́n. Ìyá padà jókòó. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ sọ fún gbogbo ilé pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ìbéèrè ìyá náà ni òdiwọ̀n tí àwa náà ń lò: ta ni ó ń fìyà jẹ ta? Nínú ìjà, àwọn òmìrán ni wọ́n ń di ẹni ẹ̀sín, ẹ̀rín ibẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n fíìmù náà kò mọ́ tán. Àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi sí ẹnu àwọn òṣèré kò lè ṣe ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n má dá àpárá nípa bí ó ṣe kúrú, nígbà tí ó sì di ìkẹwàá, àpárá náà ti kan. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, yàrá máa ń dákẹ́, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Kí ni Weng Weng fúnra rẹ̀ rí jẹ nínú rẹ̀?

Òkìkí pọ̀, owó kò sí. Ìwé àkọsílẹ̀ Guinness kà á sí àgbàlagbà tí ó kúrú jù lọ tí ó tíì ṣe olórí òṣèré nínú fíìmù, wọ́n sì tún fi í ṣe fíìmù mìíràn kíákíá lẹ́yìn èyí. Lẹ́yìn náà ni wọn kò pè é mọ́. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, kò sì sí ariwo kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ó fẹ́ràn fíìmù rẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè tàbí ó ti kú.

Andrew Leavold, ọmọ Ọsirélíà kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń yáni ní fídíò, ni ó gbéra lọ sí Manila láti wá a. Ohun tí ó bá níbẹ̀ ni ó fi ṣe fíìmù The Search for Weng Weng, tí ó jáde ní 2013. Níbẹ̀ ni a ti gbọ́ lẹ́nu ẹbí rẹ̀ àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ pé iṣẹ́ tí ó mú owó wọlé fún àwọn ẹlòmíràn kò sọ ọ́ di olówó. A máa ń rọ ẹnikẹ́ni tí ó bá wo ti 1981 pé kí ó wo ti Leavold náà tẹ̀ lé e, kì í ṣe ní alẹ́ kan náà o, nítorí pé ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀.

Kí a tó máa bá ará ìlú ẹlòmíràn wí, ẹ jẹ́ kí a rántí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tiwa. Ọdún 1982, ọdún àjọ̀dún Manila yẹn kan náà, ni fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Mooru, jáde. Àwọn olè dà á kọ sí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọrùn ọkùnrin tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń rí rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ti lé lógójì ọdún ní Èkìtì, kásẹ́ẹ̀tì olè yẹn ni a wò nílé àwọn òbí wa.

Ṣé bíi ti Aki àti Pawpaw ni?

Rárá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn ni ó máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Chinedu Ikedieze àti Osita Iheme jẹ́ àgbàlagbà tí ó ṣe ọmọdé nínú àwọn fíìmù tí ó sọ wọ́n di olókìkí: wọ́n ń da ilé rú, wọ́n ń sá fún pàṣán, àwọn òbí sì ń lé wọn kiri. Weng Weng kò ṣe ọmọdé rí nínú fíìmù yìí. Ó ń mu ọtí, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, obìnrin sì ń wò ó bí obìnrin ṣe ń wo ọkùnrin. Àgùnbánirọ̀ kan tí ó ń sìn ní Ìjerò ni ó sọ fún wa pé ibi tí fíìmù náà ti ní ìgboyà jù nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà tí ó béèrè bóyá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ amí. Wọ́n kàn rán an níṣẹ́ ni. Mo fara mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ mìíràn tí ó dun mọ́ni nínú ni pé àwọn méjèèjì tiwa fi ojú ara wọn rí ẹ̀yẹ gbà, ìjọba àpapọ̀ sì fún wọn ní oyè MFR ní 2011.

Níbo ni àìsí owó ti hàn jù lọ?

Níbi irinṣẹ́ amí, ibẹ̀ náà sì ni adùn rẹ̀ wà. Wọ́n fún un ní òrùka tí ó ń mọ oúnjẹ tí májèlé wà nínú rẹ̀, ìbọn kékeré tí ó tó ọwọ́ rẹ̀, àti fìlà tí ó lè jù kí ó fò lọ ṣe ọ̀tá léṣe. Nígbà tí ó fẹ́ bọ́ láti orí ilé gíga, agboòrùn ni ó ṣí, ó sì fò. Ìgbà kan wà tí ó gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, tí ó sì fi fò lọ bí ẹyẹ. Kò sí èyí tí ó jọ ohun tí owó ńlá rà nínú gbogbo rẹ̀. Orin tí ó ń dún lábẹ́ rẹ̀ sì jọ orin James Bond débi pé ẹni tí ó bá wà nínú yàrá kejì yóò rò pé òun ni.

A máa ń rán àwọn tí ó ń fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ létí pé Dr. No, fíìmù James Bond àkọ́kọ́ tí ó jáde ní 1962, kò gbà ju bíi mílíọ̀nù kan dọ́là, èyí tí àwọn onífíìmù ìgbà náà kà sí owó kékeré. Owó kékeré yẹn ni ó kọ́ gbogbo ayé pé ènìyàn lè ṣe fíìmù amí bí ó bá ní kóòtù tí ó dára, ìbọn kan àti etíkun. Ní Ítálì, Sípéènì, Faransé àti Jámánì, àwọn fíìmù amí olówó kékeré pọ̀ bí eṣú láàárín ọdún díẹ̀. Ní Philippines náà, Tony Ferrer ti ń ṣe amí tí ń jẹ́ X-44 láti àwọn ọdún 1960. Weng Weng kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ìdílé ńlá ni ó ti wá, òun kàn ni àbíkẹ́yìn tí kò gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Kí ló dé tí ohùn kò bá ẹnu mu?

Nítorí pé lẹ́yìn tí wọ́n ya fíìmù náà tán ni wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí i. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe ti Weng Weng. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣàròyé nípa èyí, àmọ́ ẹni tí ó bá dàgbà pẹ̀lú fíìmù Ṣáínà nínú kásẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnu ti ń pa dé tí ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde, kì í tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Ṣé kò sí ibi tí ó ń súni?

Ó wà. Láti nǹkan bí àárín rẹ̀ títí di ìgbà tí ó ku díẹ̀ kí ó parí, àwọn ọ̀daràn ń pàdé, wọ́n ń dìtẹ̀, Weng Weng dé, ó lù wọ́n, àwọn mìíràn tún pàdé. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ bu omi mu, kí ó lọ nígbà náà. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ kò sì rí iṣẹ́ gidi ṣe, àfi amí kan tí ń jẹ́ Irma, òun náà ìbá ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá fún un láàyè.

Lórí kí ni ẹ kì í ti í fohùn ṣọ̀kan?

Ẹ mọ̀ pé ilé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni Èkìtì; a kì í wo nǹkan tán níbí kí a dìde láìjiyàn. Iyàn tí ó le jù ni bóyá Weng Weng jẹ́ òṣèré ní tòótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti yunifásítì Ọyẹ́ sọ pé ojú rẹ̀ kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé ara rẹ̀ ni wọ́n lò, wọn kò lo ẹ̀bùn rẹ̀. Àwọn tí ó ta kò ó sọ pé ẹni tí wọ́n gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò, kí ni a fẹ́ kí ó fi ojú nìkan ṣe? Èmi wà láàárín. Ojú rẹ̀ kì í yí padà lóòótọ́, àmọ́ bí ó ti ń rìn wọ yàrá, pẹ̀lú ọwọ́ kan lápò, tí kò yára, tí kò wo ẹ̀gbẹ́, ìrìn ọkùnrin tí ó mọ̀ pé òun ni olórí eré ni. Àwọn òṣèré gíga kan wà nínú fíìmù wa lónìí tí wọn kò tíì mọ̀ ọ́n rìn bẹ́ẹ̀.

Iyàn kejì dá lórí òpin rẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé àkítọ̀ kì í kú, pé ohun tí ó bá ti yẹ̀ kúrò lórí òfin yẹn, àìdára ni. Ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń gbóná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí ẹ ń rò yẹn ni.

Ṣé fíìmù mìíràn wà tí ó jọ ọ́?

The Impossible Kid, tí ó jáde ní 1982, ni ìkejì rẹ̀, Nicart kan náà ni ó sì darí rẹ̀. Owó rẹ̀ jọ pé ó pọ̀ díẹ̀ sí i, adùn rẹ̀ kò sì tó ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sẹ́yìn lè wo èyí tí àwọn ará Ítálì ṣe ní 1967, tí wọ́n fi Neil Connery, àbúrò Sean Connery gan-an, ṣe olórí òṣèré. Wọn kò tijú rárá.

Irú èrò wo ni ẹ máa ń gbà lọ́wọ́ òǹwòran?

Èrò tí ó bá sọ ohun tí ẹni náà rí. Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba fi ẹnu sọ tirẹ̀ fún wa, ó sì dára ju ọ̀pọ̀ tí a kọ sílẹ̀ lọ: ó ní bí àwọn ọ̀daràn yẹn bá ti wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, fíìmù ìbá ti parí. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀ka èdè Èkìtì bí ó bá wù yín. Bí fíìmù náà kò bá wù yín, ẹ sọ ibi tí ó ti sú yín gan-an. Ẹni tí ó bá kórìíra rẹ̀ pẹ̀lú ìdí wúlò fún wa ju ẹni tí ó fi ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá yìn ín láìsọ ìdí kankan.

Ṣé ọmọdé lè wò ó?

Ènìyàn ń kú níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, aṣọ àwọn obìnrin kan kò pọ̀ lára wọn, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí òbí kò ní fẹ́ ṣàlàyé. A kì í fi han àwọn tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ girama.

Báwo ni ó ṣe dára jù láti wò ó?

Pẹ̀lú ènìyàn púpọ̀. Ẹni tí ó dá wò ó lórí fóònù rẹ̀ yóò rí àbùkù rẹ̀ nìkan. Àwọn ẹ̀dà tí ó wà níta, láti inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, nítorí náà àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn, kò sì sí tẹlifíṣọ̀n tuntun tí yóò mú un mọ́lẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ fi owó dátà ṣòfò láti máa wá èyí tí ó mọ́ kedere. Ohùn ni kí ẹ tọ́jú. Ẹ wá sípíkà tí ó dára, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, nítorí pé iná ọba kì í bá ènìyàn wo fíìmù tán, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé tí ó bá wà nílé ti sùn. Bíi wákàtí kan àbọ̀ ni ó gbà.